Arthur Schomburg: Akọ̀wé Báńkì Tí Ó Kó Ìwé Ìran Rẹ̀ Jọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọdé ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí yóò bèèrè ohun tí àgbà ń fi àkísà ṣe tí kò fi kó o dànù. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nínú ìwé ọdún yìí mọ ìdáhùn ìbéèrè náà dájú. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn kà sí àkísà ìwé, tí eruku bò mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ni ó fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ. Nígbà tí ó sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé wò, ó hàn gbangba pé aṣọ iyì odindi ìran kan ni. Orúkọ ọkùnrin náà ni Arthur Alfonso Schomburg.

Schomburg kì í ṣe ọmọ ìlú wa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọlọ́rọ̀, kò sì kàwé gboyè ní yunifásítì kankan. Akọ̀wé ni ní báńkì, iṣẹ́ lẹ́tà ni ó ń bójú tó níbẹ̀. Ìdí gan-an nìyí tí a fi rò pé ìtàn rẹ̀ yẹ ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú bí irú tiwa. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wa, òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù ni wọ́n, tàbí oníṣòwò tí ń fi ojoojúmọ́ wá oúnjẹ òòjọ́. A sì máa ń rò pé iṣẹ́ ńlá, iṣẹ́ àwọn ènìyàn ńlá nìkan ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí akọ̀wé kan fi owó oṣù rẹ̀ ṣe.

A bí i ní ọjọ́ 24, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1874, ní Santurce ní ìlú San Juan, ní erékùṣù Puerto Rico. Arturo ni wọ́n ń pè é nígbà náà, nítorí pé abẹ́ ìjọba Sípéènì ni erékùṣù náà wà, èdè Sípéènì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ní 1873, èyí tí í ṣe ọdún tí ó ṣáájú ìbí rẹ̀, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin fòpin sí ẹrú níní ní Puerto Rico. Ìyá rẹ̀, Mary Joseph, jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù St. Croix, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Denmark ní ìgbà náà. Bàbá rẹ̀, Carlos Schomburg, jẹ́ oníṣòwò tí ìran rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Jámánì.

Ìtàn kan wà tí a kì í ṣàì sọ nípa ìgbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ọmọdékùnrin náà fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn dúdú ti gbé ṣe láyé, olùkọ́ rẹ̀ sì dá a lóhùn pé àwọn ènìyàn dúdú kò ní ìtàn, wọn kò ní akọni, wọn kò sì tíì ṣe ohun kan tí ó tó kọ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ a máa wọni lára ju ẹgba lọ. Ọmọ mìíràn ì bá gbà á bí olùkọ́ ti wí i, a sì gbé ìtìjú náà dàgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ohun tí Schomburg ṣe lẹ́yìn náà wò ó, a ó rí i pé ó gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí lọ́wọ́ bí ìwé ẹjọ́, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ẹ̀rí tí yóò fi jẹ́ ẹjọ́ náà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1891, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 17, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àárín àwọn ará Kúbà àti Puerto Rico tí ń ṣe àtìpó níbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dúró sí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń làkàkà kí erékùṣù méjèèjì lè bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Sípéènì. Ní 1892 Schomburg wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Las Dos Antillas, èyí tí ó túmọ̀ sí erékùṣù méjèèjì, òun ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé. Ọdún yẹn kan náà ni ó wọ ẹgbẹ́ Mason àwọn ará Kúbà tí ń jẹ́ El Sol de Cuba. Ní 1911 ó di olórí rẹ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Máximo Gómez ni ó sọ ọ́, ìyẹn orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣáájú ogun òmìnira Kúbà.

Ṣùgbọ́n òmìnira kò mú oúnjẹ wá sílé. Schomburg ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kékeré, ó sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Láti 1901 ó wà ní ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò, ó ń jẹ́ ìránṣẹ́, ó sì ń ṣe akọ̀wé. Ó wù ú kí òun náà di agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó jókòó ṣe ìdánwò tí ó lè ṣí ọ̀nà náà fún un, nítorí pé kò ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi hàn pé ó ti ka ìwé tí ó kà ní erékùṣù rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ibí yìí. Ọkùnrin tí wọ́n dá padà nítorí bébà kan ṣoṣo tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni ó wá di ẹni tí kò jẹ́ kí bébà àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣègbé mọ́. Ní 1906 ó wọ báńkì Bankers Trust Company ní New York. Ibẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ títí di 1929, tí ó di olórí ẹ̀ka tí ń bójú tó lẹ́tà láti àwọn erékùṣù Kàríbíà àti Amẹ́ríkà ti Gúúsù, nítorí pé ó gbọ́ èdè Sípéènì dáadáa.

Kí iṣẹ́ tí ó ṣe lè yé wa, ó yẹ kí a ṣàlàyé irú ìwé tí ó ń wá. Ìwé ńlá tí èèpo rẹ̀ le kì í tètè parun: olówó a rà á, a tò ó sínú àpótí ìwé, ọmọ rẹ̀ a sì jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà àtijọ́, ènìyàn dúdú tí ó lè rí owó tẹ ìwé ńlá kò pọ̀. Ìwé pélébé ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, èyí tí í ṣe ojú ewé díẹ̀ tí a fi òwú gán pọ̀ láìní èèpo líle. Ìwàásù wà níbẹ̀, òfin ẹgbẹ́ àti ti ìjọ wà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn ẹni tí ó sá kúrò ní oko ẹrú àti ìròyìn ìpàdé. Owó kékeré ni wọ́n ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí a bá kà á tán, a lè fi dáná, a sì lè fi di ẹrù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìwé tí ó kéré jù ní ọjọ́ tí a tẹ̀ ẹ́ ni ó máa ń ṣọ̀wọ́n jù nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún bá kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ díẹ̀ wá. Jupiter Hammon jẹ́ ẹrú ìdílé kan ní Long Island, lẹ́bàá New York. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé a tẹ ewì rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ tí ó wá di orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1760 ni ó kọ ewì náà, orí abala bébà kan ṣoṣo ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí. Ní 1787, nígbà tí ó ti di arúgbó, wọ́n tẹ ìwé pélébé kan tí ó fi gba àwọn ènìyàn dúdú New York ní ìmọ̀ràn. Phillis Wheatley ńkọ́? Láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó o wá sí Boston ní 1761 nígbà tí ó wà ní ọmọdébìnrin kékeré. Orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé e wá ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí ó máa tẹ ìwé ewì rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1773, àwọn gbajúmọ̀ ọkùnrin 18 ní Boston ni ó ní láti fọwọ́ sí ìwé pé òun ni ó kọ ọ́ lóòótọ́, nítorí àwọn ènìyàn kò gbà pé ẹrúbìnrin lè ṣe irú rẹ̀.

Benjamin Banneker pẹ̀lú wà. Ọmọ olómìnira ni, a bí i ní 1731 ní Maryland. Fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀, tí ó ń ṣírò ìgbà tí òòrùn yóò yọ àti ìgbà tí yóò wọ̀, àti ọjọ́ tí òṣùpá yóò dí òòrùn lójú. Ó ń tẹ alímánáàkì jáde lọ́dọọdún láti èyí ti 1792 títí dé ti 1797. Ní 1791 ó fi ẹ̀dà kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí Thomas Jefferson, ẹni tí ó di olórí orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn náà, ó sì bi í léèrè nínú lẹ́tà rẹ̀ bí ẹni tí ó kọ ìwé òmìnira fún gbogbo ènìyàn ṣe lè máa ní ẹrú. Ní 1827 ni Samuel Cornish àti John Russwurm bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Freedom's Journal ní New York, èyí tí í ṣe ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn dúdú dá sílẹ̀ fúnra wọn ní Amẹ́ríkà. Ní 1829 David Walker, tí ń ta aṣọ ní Boston, tẹ ìwé pélébé kan tí ó fi pe àwọn ẹrú jí. Àwọn atukọ̀ ni ó ń bá a gbé e lọ sí ìhà gúúsù ní kọ̀rọ̀, àwọn ìjọba ibẹ̀ sì ṣe òfin líle sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ wọ ìjàngbọ̀n. Ta ni yóò wá tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀?

Irú ìwé wọ̀nyí ni Schomburg ń wá kiri. Nígbà tí ó bá kúrò ní báńkì, ilé àwọn tí ń ta ìwé àtijọ́ ni ó ń lọ. Ó ń tú òkìtì ìwé wò, ó ń ka àkójọ orúkọ ìwé tí àwọn òǹtàwé ń tẹ̀, ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ará òkè òkun, ó sì ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń rìnrìn àjò pé kí wọ́n bá òun wò ó. Ní ayé ìgbà náà, àwọn olówó tí ń kó ìwé Amẹ́ríkà àtijọ́ jọ kò ka ìwé àwọn ènìyàn dúdú sí. Èyí dun ni, ṣùgbọ́n ó ṣe akọ̀wé wa ní oore, nítorí ohun tí ọlọ́jà kò kà sí ni owó kékeré lè rà. Ìmọ̀ ni ó fi borí owó. Ìwé mìíràn kò sọ rárá pé ènìyàn dúdú ni ó kọ òun. Ẹni tí ó ti mọ orúkọ òǹkọ̀wé tẹ́lẹ̀ láti inú ìwé mìíràn nìkan ni ó lè dá a mọ̀. Ó ní láti mọ ọdún tí a tẹ ìwé, ìlú tí a ti tẹ̀ ẹ́, orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, àti bóyá àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ni tàbí èyí tí a tún tẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní gbogbo èyí.

Kò dá ṣe é. Ẹni tí ó tì í lẹ́yìn jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ni John Edward Bruce, akọ̀ròyìn àgbà kan tí a bí sínú oko ẹrú. Ní 1911 àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún wíwá ìtàn àwọn ènìyàn dúdú, tí wọ́n pè ní Negro Society for Historical Research. Níhìn-ín ni ọwọ́ ìtàn yìí ti kan ilẹ̀ wa. Bruce yìí ni ọ̀rẹ́ Mojola Agbebi, àlùfáà Onítẹ̀bọmi ti ìlú Èkó, ẹni tí ó ti ń jẹ́ David Brown Vincent kí ó tó kọ orúkọ òyìnbó náà sílẹ̀ ní 1894, tí ó sì gba orúkọ àti aṣọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí Agbebi ṣe àbẹ̀wò sí Amẹ́ríkà ní 1903, Bruce wà lára àwọn tí inú wọn dùn sí i jọjọ, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sí ara wọn lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni a ń sọ. Nígbà tí àwọn ará Èkó ń tún orúkọ baba wọn gbé dìde, àwọn ará ibẹ̀ ń tú inú ìwé àtijọ́ láti rí orúkọ baba tiwọn.

Ní 1913 Schomburg sọ̀rọ̀ níwájú àwọn olùkọ́, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí a dá ẹ̀kọ́ ìtàn àwọn ènìyàn dúdú sílẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní 1914 wọ́n gbà á sínú American Negro Academy, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú. Láti 1920 títí di 1928, òun tí kò gboyè ní yunifásítì ni ó jẹ́ ààrẹ wọn. Ní 1916 ó tẹ àkójọ orúkọ ìwé ewì tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé àkójọ orúkọ kì í ṣe iṣẹ́, kí ó gbìyànjú láti kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti jẹ baálẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀ láìfo ọ̀kan.

Ní gbogbo ìgbà yìí, inú ilé rẹ̀ ní Brooklyn ni ìwé wọ̀nyí ń gbé. Ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, Elizabeth ni orúkọ gbogbo wọn; ó sì bí ọmọ mẹ́jọ. Ilé ọlọ́mọ púpọ̀ ni ó wá di ilé ìwé. Àwọn òǹkọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kà á níbẹ̀, ó sì ń yá wọn. Nígbà tí ó di àárín ọdún 1920 sí 1930, ìwé náà ti ju 5,000 lọ, ìwé àfọwọ́kọ tó 3,000, àwòrán tó 2,000, ìwé pélébé sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú ọkùnrin náà wá le. Bí iná bá jó ilé ńkọ́? Bí òun bá kú, tí àwọn ọmọ sì pín in bí ẹni pín ẹran, ńkọ́? Ohun tí a fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ lè fọ́nká ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní irú ìṣúra bẹ́ẹ̀ ni ó ti tì í mọ́ inú yàrá títí tí ikán fi jẹ ẹ́, nítorí pé wọn kò lè fi ọwọ́ ara wọn yọ̀ǹda rẹ̀. Ó dájú pé kò rọrùn. Ẹni tí ó bá ti rántí ọjọ́ tí ó ra ìwé kan, àti oúnjẹ tí ó fo nítorí rẹ̀, mọ̀ pé ẹran ara ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dà.

Ní Harlem, àdúgbò tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí ní New York, ẹ̀ka ilé ìkàwé ìlú kan wà ní òpópónà 135. Ìyáàfin ìkàwé tí ó wà níbẹ̀, Ernestine Rose, ṣàkíyèsí pé ìwé nípa àwọn ènìyàn dúdú ni àwọn òǹkàwé ń bèèrè jù, àti pé bí wọ́n ti ń kà á ni ó ń gbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní òpin 1924 ó pe àwọn àgbààgbà àdúgbò jọ, wọ́n sì fi Schomburg ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀ tí yóò tọ́jú àwọn ìwé tí ó ṣọ̀wọ́n. Ní 1925 wọ́n ṣí yàrá pàtàkì kan fún un. Ọdún náà ni Schomburg kọ àròkọ tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ní láti tún ìtàn àtẹ̀yìnwá rẹ̀ gbẹ́ jáde kí ó tó lè tún ọjọ́ iwájú rẹ̀ ṣe.

Ní 1926 ó ṣe ìpinnu rẹ̀. Àjọ Carnegie san 10,000 dọ́là fún gbogbo ìwé náà, wọ́n sì fi ta ilé ìkàwé náà ní ọrẹ. Àwọn kan lè sọ pé ó tà á. Òótọ́ ni pé ó gba owó, nítorí ọlọ́mọ ni, kò sì ní ogún mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó gbé e sí. Kò jẹ́ kí ó wọ inú ilé olówó kan tí ọmọ tálákà kò lè wọ̀. Àárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó gbé e sí, níbi tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti lè wọlé láìsan kọ́bọ̀, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí alímánáàkì Banneker àti ìwé Phillis Wheatley. Bí olùkọ́ kan bá tún sọ fún ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ìran rẹ̀ kò ní ìtàn, ọmọ náà mọ òpópónà tí ìdáhùn wà.

Owó náà pàápàá, ìwé ni ó tún fi wá lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ó wọkọ̀ lọ sí Yúróòpù. Ní ìlú Seville ní Sípéènì, ó tú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba àtijọ́. Ní Madrid, ó wá àwòrán tí Juan de Pareja yà ní 1661. Ẹrú ni Pareja jẹ́ fún Velázquez, ayàwòrán ọba, kí ó tó gba òmìnira, tí òun náà sì di ayàwòrán. Ìwé tí Schomburg kọ nípa rẹ̀ kò gbajúmọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní 2023, nígbà tí ilé ọnà Metropolitan ní New York ṣe àfihàn nípa Pareja, wọ́n fi iṣẹ́ akọ̀wé báńkì yìí sí ipò ọlá níbẹ̀. Ọdún 97 ni ó gbà.

Ní 1929 ó fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀. Láti 1931 sí 1932 ó bá yunifásítì Fisk ní Nashville kó ìwé irú èyí jọ. Ní 1932 ilé ìkàwé Harlem pè é padà pé kí ó wá máa ṣe olùtọ́jú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ. Ẹni tí ó ti fi nǹkan rẹ̀ fún ìlú wá di òṣìṣẹ́ ìlú lórí nǹkan náà, kò sì rí i bí ìtìjú. Ó ń rà kún un, ó ń bẹ̀bẹ̀ kún un, títí tí ikú fi dé ní oṣù Kẹfà ọdún 1938. Ọmọ ọdún 64 ni.

Ní 1940 wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àkójọ náà. Ní 1972 ó di ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwádìí gíga ti ilé ìkàwé New York, tí a mọ̀ sí Schomburg Center. Lónìí, àwọn ohun tí ó wà níbẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 11 lọ. Orúkọ olùkọ́ tí ó sọ pé kò sí nǹkan kan láti kọ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, a kò kọ ìtàn yìí fún ìgbádùn lásán. Àwa náà ní ìwé pélébé tiwa. Ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ wa ńkọ́, tí àwọn akọ̀wé wa fi ọwọ́ kọ? Ètò ìsìn ìkórè, ètò ìwúyè, ètò ìsìnkú àwọn àgbà, àti alímánáàkì àwọn ẹgbẹ́ tí àwòrán àwọn baba wa wà lójú rẹ̀ ńkọ́? Àwa fúnra wa ti ra àkàrà rí, tí a sì rí orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ kan lára bébà tí epo ti rin. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí ìwé àfọwọ́kọ náà sì sọnù lọ́dọ̀ àwọn tí ó fi í ránṣẹ́ sí ní ìlú òyìnbó. Bí kì í bá ṣe pé àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, rí àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, tí ó sì fi wọ́n tún un kọ títí tí a fi tẹ̀ ẹ́ ní 1921, kí ni à bá máa kà lónìí?

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré. Bí bàbá tàbí ìyá bá kú nínú ilé, kí a má ṣe dáná sun àpótí rẹ̀ kí a tó tú inú rẹ̀ wò. Kí a kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn àwòrán nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Bí ìwé àtijọ́ kan bá wà lọ́wọ́ wa tí a kò lè tọ́jú, kí a gbé e tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ, kí ó lè wà níbi tí ọmọ gbogbo ilé yóò ti rí i. Kò gba ọrọ̀, kò gba oyè. Akọ̀wé báńkì kan ṣe é. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ìtàn ìlú wa parẹ́ mọ́ wa lójú. Àmín.